Ọkùnrin Florida àti Ọjọ́ Ìbí Wa

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, eré kan gba orí ayélujára kan. Wọ́n ní kí o ṣí Google, kí o tẹ "Florida Man", kí o kọ ọjọ́ àti oṣù tí wọ́n bí ọ tẹ̀ lé e, kí o wá wo ohun tí yóò yọ síta. Ohun tó ń yọ síta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà kó pa ẹnu mọ́. Ọkùnrin Florida kan ju ọ̀nì láàyè gba ojú fèrèsé wọ ilé oúnjẹ Wendy's. Òmíràn pe ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun yẹ oògùn olóró tí òun rà wò, bóyá ojúlówó ni. Òmíràn bọ́ra sí ìhòòhò lójú títì lọ́sàn-án gangan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Twitter, Facebook àti Instagram kún fún àkọlé ìròyìn báyìí, oníkálùkù ń gbé tirẹ̀ síta pẹ̀lú ìdùnnú pé ẹ wá wo ohun tí Ọkùnrin Florida ṣe lọ́jọ́ ìbí òun. Àwọn gbajúmọ̀ bá wọn ṣe é, àwọn ọmọ iléèwé bá wọn ṣe é, ẹ̀rín sì ń sọ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo fẹ́ràn ìròyìn àràmàǹdà, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń kọ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan rí, ara ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀: akọ̀ròyìn gbọ́ pé nǹkan ṣe lágbájá, ó gbéra, ó lọ wá lágbájá rí. Lónìí, ara ẹni tó ń wá nǹkan ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìbí mi ni mo tẹ̀. Ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí yọ jáde, mo fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ọjọ́ mi, mo sì bá tèmi lọ. Ta ni? Kí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Kí ni adájọ́ wí? Eré náà kò béèrè.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnì kan tó máa ń béèrè.

Ní Miami, láti bí ọdún 1970 lọ, obìnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Miami Herald tó ń jẹ́ Edna Buchanan. Ìròyìn ọ̀daràn ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, yóò ka àkọsílẹ̀ òru àná, yóò mọ ẹni tó kú àti ẹni tí wọ́n mú. Miami ìgbà náà le. Ní 1980, nǹkan bí 125,000 ará Kúbà ló wọ ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Mariel wá sí Florida. Òwò kokéènì gbòde. Ní 1981, ó lé ní 600 èèyàn tí wọ́n pa ní Dade County, ìyẹn Miami àti àyíká rẹ̀. Akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ àkọlé tó ń dẹ́rù bani kò ní láti kúrò lórí àga rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá ti tó o jẹ.

Buchanan kò gbà pé ìwé ọlọ́pàá ló parí ọ̀rọ̀. Ó máa ń lọ síbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó máa ń kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò, ó máa ń pe mọ̀lẹ́bí òkú lórí fóònù. Ìtàn kan wà nípa rẹ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kì í gbàgbé: bí mọ̀lẹ́bí bá jágbe mọ́ ọn, tí wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀, yóò sinmi díẹ̀, yóò tún pè. Nígbà mìíràn ẹlòmíràn nínú ilé ni yóò gbé e. Nígbà mìíràn ẹni àkọ́kọ́ náà ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti rọ̀, ó ti rántí pé òun fẹ́ kí ayé mọ irú ọmọ tí òun bí. Àwọn kan yóò sọ pé àyà rẹ̀ le, pé ó ń da ọlọ́fọ̀ láàmú. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ orúkọ ọmọ rẹ sínú ìwé ti ka ọmọ rẹ kún èèyàn.

Ní oṣù Kejìlá 1979, ọlọ́pàá Dade County kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń gun alùpùpù sá fún àwọn lóru, ó ṣubú, ó sì fi orí gbálẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó kú. Arthur McDuffie ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 33, tó ti ṣe sójà ojú omi rí, tó sì ń ṣe iṣẹ́ adójútòfò. Ká ní ayé òde òní ni, àkọlé rẹ̀ ti dé: Ọkùnrin Florida sá fún ọlọ́pàá lórí alùpùpù, ó forí gbálẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ì bá rí i, ì bá pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọn ì bá rẹ́rìn-ín.

Buchanan gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé ọ̀rọ̀ kò rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló fi kóńdó àti tọ́ọ̀ṣì ńlá lu ọkùnrin náà lórí, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọkọ̀ gun alùpùpù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè jọ ìjàǹbá ojú pópó. Dókítà tó yẹ òkú wò rí i pé bí agbárí ṣe fọ́ kò jọ ti ẹni tó já bọ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí Tampa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1980, àwọn ará ìlú mẹ́fà tí wọ́n fi ṣe ìgbìmọ̀ onídàájọ́, tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, dá ọlọ́pàá mẹ́rin sílẹ̀. Liberty City àti Overtown, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Miami, gbiná. Èèyàn 18 ló kú nínú rògbòdìyàn náà.

Kóòtù kò ṣe ìdájọ́ òdodo, ṣùgbọ́n McDuffie kò wọlẹ̀ pẹ̀lú irọ́ tí wọ́n kọ mọ́ ọn lórúkọ. Iṣẹ́ ẹni tó béèrè nìyẹn. Ní 1986, wọ́n fún Edna Buchanan ní ẹ̀bùn Pulitzer. Ohun tí mo fẹ́ kí olùkàwé mú dání ni pé ìwé tí obìnrin yìí kò gbà gbọ́, ìwé ọlọ́pàá tí wọ́n kọ ní ìdájí pẹ̀lú orúkọ, ẹ̀sùn àti àwòrán ojú, òun gan-an ni eré ọjọ́ ìbí wa ń jẹ. Ìbéèrè ló ti kúrò níbẹ̀. Ìwé náà ṣì wà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Florida? Ṣé orí àwọn ará ibẹ̀ ló dàrú ju ti Ohio tàbí Texas lọ? Àwọn akọ̀ròyìn Florida ti ṣàlàyé èyí títí ó fi sú wọn. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀: ìkànìyàn 2020 ka iye tó lé ní mílíọ̀nù 21, Florida sì ni ìpínlẹ̀ kẹta tí èrò pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, láìka ẹgbàágbèje arìnrìn-àjò tó ń wá ṣe fàájì létí òkun. Ṣùgbọ́n òfin ni ìdí tó ga jù. Láti 1909 ni Florida ti sọ ọ́ di òfin pé ìwé ìjọba jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ní 1967, wọ́n ṣe òmíràn tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí òfin Ìjọba Nínú Oòrùn, tó ní kí àwọn aláṣẹ máa ṣe ìpàdé wọn ní gbangba. Ní 1992, àwọn olùdìbò fi ọwọ́ ara wọn kọ ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ìjọba sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà. Nítorí náà, ohun tí akọ̀ròyìn ní ìpínlẹ̀ mìíràn yóò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rí, ti Florida lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú àwòrán. Àwọn ṣẹ́rífù kò tilẹ̀ dúró de akọ̀ròyìn mọ́, wọ́n ń gbé e sórí ìkànnì tiwọn.

Òfin tó dára ni. Èmi tí mo wá láti ilẹ̀ tí ìwé ìjọba ti ń wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ tí kì í jáde mọ́, mo mọ iye rẹ̀. Wọ́n ṣe é kí mẹ̀kúnnù lè rí ohun tí aláṣẹ ń ṣe nínú òkùnkùn, kí gómìnà má lè fi owó ìlú pamọ́, kí ọlọ́pàá má lè lu èèyàn pa kó sì kọ ìtàn àròsọ. Ọ̀rọ̀ wá yí padà. Oòrùn tí wọ́n là fún àwọn aláṣẹ ló wá ń ta sí ojú ọ̀mùtí, sí ojú ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, sí ojú ọmọkùnrin tó ti kó sọ́wọ́ oògùn olóró, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru pẹ̀lú irun tó dúró gaga àti ojú tó wú. Àwọn wọ̀nyí kò di ipò kankan mú. Kò sí owó ìlú lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2012, lórí ọ̀nà MacArthur tó gba orí omi so Miami mọ́ Miami Beach, ọkùnrin kan tó ti bọ́ra sí ìhòòhò kọlu àgbàlagbà kan tí kò nílé lórí, ó sì fi eyín jẹ ojú rẹ̀. Ọlọ́pàá yìnbọn pa ẹni tó kọlu àgbàlagbà náà. Bí ìròyìn náà ṣe tàn ká gbogbo ayé, a kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní òkú tó jí dìde ni. Wọ́n ní oògùn olóró tuntun kan tí wọ́n ń pè ní bath salts ló mu, àwọn ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin lórí oògùn náà. Kí oṣù méjì tó pé, àwọn oníṣègùn tó yẹ òkú rẹ̀ wò sọ pé igbó nìkan ni àwọn rí nínú ara rẹ̀. Ta ló pín ìyẹn? Àkọlé àkọ́kọ́ ti yí ayé po, ti ẹ̀yìn kò rí ẹsẹ̀ rìn. Títí di òní, bí o bá wá ọ̀rọ̀ náà, oògùn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún ọ.

Àwọn oníròyìn ìlú náà ṣe ohun kan tí mo ṣì ń dúpẹ́ fún lọ́kàn mi: wọ́n wá ìtàn àgbàlagbà tí wọ́n jẹ lójú rí. Ó jáde pé ó ti ń sùn níta fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti gbà pé ó ti kú. Ìròyìn burúkú yìí ni wọ́n fi mọ̀ pé ó wà láàyè. Ojú rẹ̀ méjèèjì fọ́, ṣùgbọ́n ó yè, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí ìròyìn ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ìpayà lójú rẹ̀, èèyàn nínú rẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, ẹnì kan ṣí ojú òpó kan sórí Twitter, ó ń kó àkọlé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Florida Man" jọ síbẹ̀, ó ń ṣe é bí ẹni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Àwọn akọ̀ròyìn ti máa ń kọ "ọkùnrin Florida" tàbí "obìnrin Ohio" sínú àkọlé tipẹ́, nítorí ẹni tí ìròyìn bá kàn kì í ṣe gbajúmọ̀, orúkọ rẹ̀ kò ní yé olùkàwé. Orúkọ gidi yóò wà nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gé àkọlé kúrò lára ìròyìn, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ṣègbé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ní ìyá, tó ní ìwé gbèsè, tó ní àìsàn, di ẹyọ ọkùnrin kan tí kò ní orúkọ, tí kò lè kú, tí ohunkóhun kò sì lè dùn. Eré ọjọ́ ìbí ti 2019 kò ṣe ju pé ó pín ọkùnrin aláìlórúkọ yìí sí ọjọ́ 365, kí olúkúlùkù lè ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹni tó ju ọ̀nì. Oṣù Kẹwàá 2015 ló ṣẹlẹ̀, ní Palm Beach County, wọn kò sì mú un títí di oṣù Kejì 2016. Àwọn òbí rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé ẹni tó wà nídìí fèrèsé náà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti pé eré ló fẹ́ fi ṣe. Eré òmùgọ̀ ni, ó sì léwu, kò sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ àwọn òbí náà ni mo kọ́kọ́ rí ọmọ kan nínú ọ̀rọ̀ náà, ọmọ tó ní ìdílé. Àkọlé kò lè fi ìyẹn hàn mí. Kò sì lè sọ fún mi bóyá ẹni tí wọ́n mú jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, nítorí ọjọ́ tí wọ́n mú èèyàn ni wọ́n ń kọ àkọlé, ìdájọ́ sì lè gbà tó ọdún kan kó tó dé. Ẹni tí kóòtù dá sílẹ̀ ṣì ń jáde ní ọjọ́ ìbí àwọn ẹlòmíràn bí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Florida ti ní ìtàn àràmàǹdà tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, ẹnu àwọn ọkùnrin Florida fúnra wọn ló sì ti ń jáde. Ní Eatonville, lẹ́bàá Orlando, ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 1887, ṣọ́ọ̀bù Joe Clark ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan níwájú. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa bá ara wọn díje nínú irọ́ pípa: ẹ̀fọn tó tóbi, ilẹ̀ tó lọ́ràá kọjá bó ṣe yẹ, ọ̀nì tó gbọ́n ju èèyàn lọ. Zora Neale Hurston dàgbà sí ìlú náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ó padà lọ síbẹ̀ láti New York, ó jókòó láàárín wọn, ó ń gbọ́, ó ń kọ. Ohun tó rí wà nínú ìwé rẹ̀ Mules and Men tó jáde ní 1935.

Mo máa ń ronú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà nígbàkígbà tí mo bá rí "Florida Man". Ọkùnrin Florida ló wà lórí àga níbẹ̀, òun ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀, òun ló mọ ibi tí ẹ̀rín yẹ kó bọ́ sí. Bí ó bá fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Hurston kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó kọ bí ẹni kan ṣe já lu ọ̀rọ̀ èkejì, ó kọ ẹni tó bínú àti ẹni tó ra nǹkan fún wọn jẹ. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dé orí fóònù wa, ìtàn àràmàǹdà Florida kò dín kù rárá. Àwọn tó ni ín ni a gbà á lọ́wọ́ wọn.

Yorùbá náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn ṣẹ̀sín ní gbangba, n kò ní díbọ́n pé àwa dára jù. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlaròó, òru Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀ yóò jáde sí àárín ọjà, yóò júbà àwọn ìyá wa, yóò súre fún ìlú, lẹ́yìn náà yóò fọwọ́ orin tọ́ ìwà olè, ìwà àgbèrè, ìwà ìjòyè tó jẹ owó ìlú. Orin náà máa ń ta. Ẹni tó kan lè wà láàárín èrò, kó máa wo ilẹ̀. Àmọ́ Ẹ̀fẹ̀ tó kọ ọ́ mọ ẹni tó ń kọrin bú, ó mọ baba rẹ̀, ó mọ ohun tó ṣe àti ohun tí kò ṣe, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, àwọn méjèèjì yóò jọ pàdé lójú ọ̀nà odò. Tí ó bá purọ́ mọ́ ọn, ìlú yóò bi í. Ta ni yóò bi ẹni tó pín àwòrán àjèjì láti ẹgbẹ̀rún máìlì?

Ẹni tó ń bójú tó ojú òpó Twitter yẹn fúnra rẹ̀ jáwọ́ níbẹ̀ ní 2019, ọdún kan náà tí eré ọjọ́ ìbí gbilẹ̀. Ìwé ìròyìn Washington Post gbé àpilẹ̀kọ gígùn jáde lọ́dún yẹn tó ń béèrè bóyá ó tọ́ kí á máa rẹ́rìn-ín. Nínú ilé iṣẹ́ ìròyìn Florida pàápàá, ẹ̀rí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn kan lẹ́bi. Ní 2020, Tampa Bay Times àti Orlando Sentinel wà lára àwọn tó dá àkójọ àwòrán àwọn tí ọlọ́pàá mú dúró lórí ìkànnì wọn, ohun tó ti ń fa òǹkàwé wá fún wọn láti ọdún pípẹ́. Láti 2018 náà ni òfin Florida ti ka á léèwọ̀ fún àwọn tó ń gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ síta láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ tirẹ̀ kúrò. Mo yìn wọ́n. Ó ti pẹ́ jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n mo yìn wọ́n.

Òwò náà kò dúró. Àwọn kan ti kó ọjọ́ inú ọdún jọ tán sórí ìkànnì, ọjọ́ kan, ọkùnrin kan, kí olùwá má baà ṣe wàhálà, ìpolówó ọjà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2024, ní St. Augustine, ìlú tó pẹ́ jù nínú àwọn ìlú tí àwọn ará Yúróòpù tẹ̀ dó ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí èèyàn ṣì ń gbé, wọ́n ṣe ìdíje Florida Man Games. Àwọn èèyàn sanwó ìwọlé láti wo àwọn tó ń díje, títí kan eré sísá fún ọlọ́pàá. Lórí TikTok, eré mìíràn tó jọ ti ọjọ́ ìbí yọ jáde: wọ́n ní kí o kọjú kámẹ́rà sí ara rẹ, kí o tẹ ọ̀rọ̀ kan sí Google, kí ayé wo bí ojú rẹ yóò ṣe yí padà. Nígbà mìíràn, orúkọ ọmọ tí wọ́n fi ìyà pa ni ọ̀rọ̀ náà. Ojú ẹni tó ń wá a ni a ń wò. Ẹni tó kú kò sí nínú fídíò.

Bí o bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí o sì fẹ́ fi Florida wá nǹkan, mo ní ọjọ́ kan tí màá fún ọ: ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1993. Ní ìlú Hialeah lẹ́bàá Miami, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Kúbà ń gbé, àwọn ẹlẹ́sìn Lukumí, àwọn tí ẹ̀sìn wọn ti ọ̀dọ̀ àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà wá, fẹ́ ṣí ilé ìsìn tí wọ́n fi orúkọ Ọbalúayé pè. Ní 1987, ìgbìmọ̀ ìlú sáré ṣòfin tó ka fífi ẹran rúbọ léèwọ̀. Àwọn akọ̀ròyìn tó fẹ́ àkọlé tó ń dẹ́rù bani rí i. Ṣùgbọ́n olórí ilé ìsìn náà, Ernesto Pichardo, gbé ìlú lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án sì fẹnu kò pé òfin Hialeah tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ẹlẹ́sìn yìí lójú. Ọkùnrin Florida ni Pichardo náà. Kì í sábà jáde nínú eré ọjọ́ ìbí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ọmọ yín bá gbé fóònù wá tó ní kí ẹ wo ohun tí Ọkùnrin Florida ṣe ní ọjọ́ ìbí òun, ẹ má lé e. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kó tẹ àkọlé náà kí ìròyìn inú rẹ̀ ṣí, kó ka orúkọ ọkùnrin náà sókè. Lẹ́yìn náà, kó wá ohun tí kóòtù sọ nígbẹ̀yìn. Bí kò bá rí i, ẹ jọ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò lọ béèrè, kí ẹ má sì pín in.